Ibi Tí Yèyé Dúró Sí

Nígbà tí bàbá mi wà ní kékeré, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà hù, ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ jáde nílé wọn ní Ìbíadé, ó sìn ín dé ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú igbó lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ó fà á lé àwọn obìnrin alájàpá tó ń ru ẹja yíyan lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn. Bàbá mi lọ, kò sì wẹ̀yìn. Kí ọdún tó yípo, ìyá rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ti sin ín tán kí ìròyìn tó dé Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n fi ọmọ sí kó lè kàwé. Bó ṣe di pé kò rí ojú ìyá rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Yèyé ló ń pè é, Yèyé náà ni gbogbo wa nílé ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ̀ ọ́n.

Àṣà wọn ni. Lápá omi lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ tí wọ́n bá ń sìn lọ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní bó bá wẹ̀yìn, ara rẹ̀ nìkan ló máa dé ibi tó ń lọ, ọkàn rẹ̀ á jókòó sílé. Á máa ṣàìsàn, á máa sunkún ilé, ìwé ò sì ní wọ̀ ọ́ lórí. Ìwé wọ bàbá mi lórí o. Ó di tíṣà, ó di ọ̀gá iléèwé, ó di àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Tí ẹ bá bi èmi, ìwé náà ti wọ́n jù.

Kì í sọ ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́. Ó di ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, tó bá ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó yó, tó na ẹsẹ̀ sórí àga kejì. A máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, a sì sọ pé, "Mo rántí ọwọ́ ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ máa ń rùn bí ẹja. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀, rárá, mi ò rántí." Kò sí fọ́tò kankan. Ta ló ń ya fọ́tò lápá omi nígbà náà?

Èyí tó dùn ún jù kì í tilẹ̀ ṣe ti ojú. Nínú ilé tí wọ́n fi í sí l'Ókè-Àgbò, àwọn ọmọ onílé máa ń fi í ṣẹ̀sín, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ ló sú ìyá ẹ. Ẹnu pọ̀ nílé yín, ló bá wá ibi tó máa da ìkan sí." Ọmọdé ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń pa ni. Bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò sì dà nínú rẹ̀ títí ó fi hu irun funfun. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀," a máa wí. "Ṣé ó sunkún? Ká ní mo wẹ̀yìn ni, ǹ bá ti mọ̀."

Ìyá mi á ní, "Ìyá wo ni ò ní sunkún?"

Bàbá mi á ní, "Èyí tí mi ò rí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ìyá mi á kó abọ́, èmi á lọ fọ̀ ọ́.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé wọlé tọ bàbá mi wá, kò sì kanlẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ gbé orúkọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó gbé ọ̀nà ọjà lọ, ó wá gbé ikú ìyá mi lọ. Bàbá mi á jí láàárọ̀, á ní ìyàwó òun dà. Nígbà àkọ́kọ́, mo sọ òótọ́ fún un, ó sì sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nígbà kejì náà, bẹ́ẹ̀. Mo wá rí i pé ìwà ìkà ni kí n máa pa ìyá mi lójoojúmọ́ lójú ọkọ rẹ̀, mo bá ń sọ pé ó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Á ní, "Ìpàdé yẹn náà ti pọ̀ jù." Èmi á ní òótọ́ ni.

Ilé rẹ̀ l'Ókè-Àgbò ni mo ń gbé, láti ibẹ̀ ni mo ti ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Kí n sọ tèmi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi kì í ṣe onísùúrù ẹ̀dá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi tó sì yí ọkàn padà náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ́ sùúrù lọ́dọ̀ bàbá mi lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀ yẹn, tipátipá ni mo fi kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, mi ò bá bàbá mi. Mo wá a dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo wá a dé ilé àwọn ojúlùmọ̀. Àdúgbò Àtìkòrì ni mo ti rí i nígbẹ̀yìn, lábẹ́ ìbòji ilé kan, òun àti obìnrin aláṣọ funfun kan tó jẹ́ ọmọ iléèwé rẹ̀ rí. Obìnrin náà wà láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọ wọn, bàbá mi náà ò wọ bàtà: ó so okùn bàtà méjèèjì pọ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, bí àwọn ọmọ iléèwé ayé àtijọ́ ṣe máa ń ṣe kí bàtà má baà tètè jẹ. Ó di gàrí àti ẹ̀pà sínú àpò.

Obìnrin náà ní, "Wọ́n ní ibùsọ̀ làwọn ń lọ, Má. Mo ní ibùsọ̀ wo, wọ́n ní ìyá àwọn dúró síbẹ̀."

Mo mọ ibùsọ̀ tó ń wí. Níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ìbíadé, àwọn alájàpá mọ ebè amọ̀ kan tó ga dé àyà àgbàlagbà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó le. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹrù lé, kí ẹni tó bá dá nìkan wà lè ti orí rẹ̀ gbé ẹrù rù láìsí ẹni tó máa bá a gbé e. Ìdí ebè yẹn ni Yèyé dúró sí lọ́jọ́ tó ní kó máa lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ara bàbá mi balẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere, bó ṣe máa ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pè mí jókòó. "Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn," ó ní. "Ìwọ náà rí i pé mo ti ṣubú. Mú mi lọ síbẹ̀ kí n tó gbàgbé pé mo fẹ́ lọ."

Mo ní, "Tí a bá débẹ̀, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ìwọ á dúró sídìí ibùsọ̀. Èmi á gbé ẹrù mi, màá rìn dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀. Nígbà tí mo bá débẹ̀, màá wẹ̀yìn."

"Kí lẹ máa rí, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n màá wẹ̀yìn."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó kó má di pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n ní, "Ṣé orí ẹ pé? O fẹ́ gbé arúgbó lọ sínú igbó nítorí ebè amọ̀? Tó bá ṣubú ńkọ́? Kódà kò ní rántí pé ẹ lọ."

Mo ní, "Bùrọ̀dá, èmi á rántí."

"Èmi ò sí nínú ẹ̀ o."

"Mo mọ̀. Ẹ ò sí nínú ẹ̀ látọjọ́ yìí náà." Mo pa fóònù. Inú bí mi débi pé mo fọ ìkòkò kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́gbẹ́ mi kan wà níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìrìn ẹsẹ̀ ni fàájì tirẹ̀. Bó bá ti lọ sókè òkun, á gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, á máa rin ọ̀nà orí òkè láti ìlú kan sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun tí àwọn bàbá wa sá fún ló ń fowó lọ rà. Nígbà tí mo sọ tèmi fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú gbogbo ọ̀nà tí òun ti rìn, dídé ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń le jù, nítorí ibẹ̀ kì í sí lójú ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Mo ní ó ṣeun, ó ti fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la jáde. Bàbá mi wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ lọ sí ìdúpẹ́ ìkórè, ó dé fìlà, ó sì gbé àpò gàrí rẹ̀ lé itan, kò jẹ́ kí n gbà á. Mo ní láti kọ́kọ́ yà l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè kí n fi ìwé ìdánwò sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Mo fi bàbá mi sínú mọ́tò lábẹ́ igi, mo ṣí fèrèsé fún un. Nígbà tí mo padà dé, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló kúnlẹ̀ tó ń kí i, bàbá mi sì ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí olùkọ́ tó ń gbọ́ iṣẹ́ lẹ́nu ọmọ kíláàsì.

"Nígbà tí ìyá ẹ sìn ẹ́ wọkọ̀ bọ̀ níbí, ṣé o wẹ̀yìn?"

Ọmọ náà wò mí, ó wo bàbá mi. "Mo wẹ̀yìn, sà. Mo tiẹ̀ ń juwọ́ títí mi ò fi rí wọn mọ́."

"Kí ni ìyá ẹ ń ṣe?"

"Wọ́n ń nu ojú, sà."

Bàbá mi ní, "O ṣeun." Mo wa mọ́tò lọ, a kọjá Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ yẹn ò mọ ohun tó ní.

A bọ́ sí ọ̀nà Benin, igbó ń lọ ní ọ̀tún àti òsì, àwọn ọkọ̀ agégẹdú ń fi èéfín dí wa lójú. Nígbà tó yá, a yà sápá ọ̀tún, sísàlẹ̀ lápá omi. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, igi ògùrọ̀ dúró sínú àbàtà, afẹ́fẹ́ sì yí padà. Bàbá mi na imú síta láti fèrèsé. "Ẹja," ó ní. Inú mi dùn. Mo rò pé bó ti rí yìí náà ló máa rí títí a ó fi débẹ̀. Àṣìṣe ni.

Nígbà tí a fi máa dé Ìbíadé, ó ti ń bi mí pé ta ni mo jẹ́. Mo ní ọmọ yín ni. Ó ní, "Ó dáa," pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń dá àlejò lóhùn.

Ilé tí a sọ̀ sí ni ti ọmọ àbúrò Yèyé, ìyá arúgbó kan tó ti ń yan ẹja láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni àbúrò tó tẹ̀ lé Yèyé. Màmá yìí nìkan ló kù nínú ìdílé náà tó mọ ibi tí ọ̀nà àtijọ́ wà. Ó dì mọ́ bàbá mi, ó ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i láìmọ̀ ọ́n. Màmá náà mọ̀ pé kò mọ òun. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù wá, ó tẹ́ ẹní fún un lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mi sì sùn.

Mo ràn án lọ́wọ́ láti yí ẹja lórí àyanga, pẹpẹ tó fi ń yan ẹja. Èéfín ń ta mí lójú. Mo ní, "Màmá, ṣé ìyá yín sọ ohunkóhun fún yín rí nípa ọjọ́ tí Yèyé sin bàbá mi jáde?"

Kò wò mí. "Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ sìn ín."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó yí ẹja kan, ó yí èkejì. "Ìyá mi ní bí ọmọ ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, Yèyé ki etí aṣọ bọ ẹnu, ó deyín mọ́ ọn, kí ọmọ má baà gbọ́ ohùn ẹ̀. Nígbà tí wọn ò rí ọmọ mọ́, ó ṣubú lulẹ̀ sídìí ibùsọ̀. Kò dìde. Ilé làwọn èèyàn ti wá gbé e. Láti ọjọ́ yẹn kò jẹun gidi mọ́. Ìyá mi ní àìsàn ló pa á lójú ayé, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílé mọ̀."

Mo fi ọwọ́ sílẹ̀. "Màmá, ẹ mọ èyí, ẹ ò sọ fún un? Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi ń béèrè!"

"Kò gbọdọ̀ dé etí ọmọ," ó ní. "Èèwọ̀ ni. Bí ọmọ bá gbọ́ pé ìyá òun sunkún, ó ti wẹ̀yìn náà nìyẹn. Ọkàn ẹ̀ á padà sílé. Ìyá mi ò sọ ọ́ títí tó fi kú. Èmi náà, ìgbà tó bá wá, mo máa ń wò ó, ìwé ti wọ̀ ọ́ lórí, ó ti di ẹni ńlá, mo máa ń sọ pé kí n má bà á jẹ́."

Mo fẹ́ bú u, àgbà ni. Mo fẹ́ pariwo, ṣé ó mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọmọ náà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sú ìyá rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ yẹn ló bá a wọ iléèwé, tó bá a wọ ilé ìgbéyàwó, ló bá a gun orí àga ìwàásù? Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹrù yìí ti ń wọ òun náà lọ́rùn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é léṣe.

Mi ò dúró mọ́. Mo lọ jí bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, mo dì í lọ́wọ́ mú. "Bàbá, Yèyé sunkún. Ẹ gbọ́? Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Màmá mọ̀, ìyá Màmá wà níbẹ̀."

Bàbá mi wò mí, ojú rẹ̀ mọ́ bí ti ọmọ ọwọ́. "Ta ni Yèyé?" ó ní.

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń pariwo díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé etí rẹ̀ ló di. Ó na ọwọ́, ó fi kan èjìká mi. "Pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ẹni náà á délé láyọ̀."

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró síbi àwọ̀n tí wọ́n sá, mo sunkún. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń wá láti kékeré ti dé, kò sì bá onílé nílé mọ́. Kí ni mo tún ń lọ ṣe níbi ebè amọ̀? Mo ní ká padà sílé kílẹ̀ tó ṣú.

Màmá ló ní rárá. Ó ti di ìró rẹ̀ mọ́ra, ó ti mú àdá. "Ibi tí ẹsẹ̀ ti lọ nígbà èwe, ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká mú un dé ọ̀hún."

Mo wa mọ́tò wọ ọ̀nà oko rọ́bà kan títí táyà ò lè lọ mọ́, a sọ̀ kalẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Màmá wà níwájú, ó ń fi àdá gé okùn inú igbó. Èmi di bàbá mi lápá mú. Àpò gàrí wà lọ́wọ́ mi, ó ti gbàgbé rẹ̀. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń dúró, ó ń bi mí bóyá ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, rọ́bà wà níbẹ̀, odò kékeré kan wà tí a gba orí pákó kọjá. Mi ò rí ohunkóhun tó jọ ọ̀nà. Mo ti ń sọ ọ́ nínú mi pé Bùrọ̀dá á fi mí ṣe ẹlẹ́yà, pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Màmá dúró. "Òun nìyí."

Ohun tí mo rí ò ga ju orúnkún lọ. Òjò ti wẹ̀ ẹ́, koríko ti bò ó, èèrà ti gbẹ́ apá kan rẹ̀. Ká ní kò sẹ́ni tó fi hàn mí, orí rẹ̀ ni ǹ bá jókòó sí láti yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wọ àárín igi lọ, ó lọ tààrà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sí òsì, igbó sì gbé e mì.

Bàbá mi yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó rìn dé ìdí ebè náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, èdè apá omi ló fi sọ ọ́, èdè tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láyé mi, òun tó máa ń nà wá tí a kò bá sọ Yorùbá inú ìwé nílé. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. Màmá gbọ́ ọ, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni wọ́n wí?" mo béèrè.

"Ó ní ibùsọ̀ ga ju òun lọ."

Bàbá mi nàró. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó gbé e rù, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. Ó wá wo ojú mi. Ó ti pẹ́ tó ti wò mí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ àti ìfẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń wò.

"Ṣé kí n máa lọ?" ó ní.

Màmá sún mọ́ mi, ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Dá a lóhùn."

"Máa lọ," mo ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Máa lọ, ọmọ mi."

Ó yíjú, ó wọ ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti ń gbọ̀n láti àárọ̀ ò gbọ̀n mọ́. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn tó ti tẹ̀, ọrùn tó ti tín-ín-rín nínú ọrùn ẹ̀wù ìkórè, àpò gàrí tó ń mì lórí fìlà. Ohun tí Yèyé rí lọ́jọ́ náà ni mò ń wò. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn èèyàn lè dun ni tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá mo rí i pé etí gèlè mi ti wà lẹ́nu mi, mo deyín mọ́ ọn, omi ojú mi sì ń dà.

Ó dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀. Ó dúró. Ibẹ̀ ló ní òun ti máa wẹ̀yìn, mo sì ń dúró dè é. Kò wẹ̀yìn.

Mo yọ gèlè lẹ́nu. "Bàbá, ẹ wẹ̀yìn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò wá!"

Ó mi orí, àpò náà mì pẹ̀lú rẹ̀. "Yèyé ní n má wẹ̀yìn."

Màmá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá mi dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì béèrè pé, "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀," mo ní.

Ó fọwọ́ tún àpò náà dì mú. "Ó ń sunkún bí?"

Màmá gbójú sókè sí mi. Mo mọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Èèwọ̀ náà ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀bẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

"Ó ń sunkún," mo ní, mo sì pariwo rẹ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ó ń sunkún gan-an. Kò tíì dákẹ́."

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ méjèèjì sọ̀ wálẹ̀. "Ó dáa," ó ní, ó sì tún gbé ẹsẹ̀, ó ń lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e kí igbó tó gbé e mì, mo gba àpò lórí rẹ̀, mo dì í lọ́wọ́ mú. Kò wo ojú mi. Iwájú ló ń wò.